Ìjàpá Bàbá Mi àti Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi fúrúùtù ní Ẹgbẹ́dá lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti kúnlẹ̀ fún un ní gbangba títì, mo ti gbé abọ́ ìrẹsì Kérésì lọ sílé rẹ̀ lọ́dọọdún, síbẹ̀ ó ń ṣe mí títí dòní bíi pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá wa tún ṣe kì í ṣe mọ́tò nìkan.

Mọ́tò Ìjàpá ni bàbá mi ní, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù rẹ̀ wà níwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí roboto. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì bàbà. Wọ́n rà á nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akọ̀wé ìjọba, wọ́n sì bá a fẹ̀yìn tì. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní Ìjàpá lójú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ bá wọn da omi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti lọ wo táyà, kó má baà sí wàhálà nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

Ìjọ méjì ló wà lábẹ́ òrùlé kan nílé wa. Áńgílíkà ni bàbá mi, irú Áńgílíkà tí kì í pariwo: ìwé orin lọ́wọ́, bàtà dídán lẹ́sẹ̀, Àmín jẹ́jẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni màmá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn méjèèjì á jọ jáde dé ẹnu géètì. Bàbá á wọ mọ́tò. Màmá á fi bàtà sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á fẹsẹ̀ lásán rìn lọ nínú aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ló máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni. Inú ìgò ni màmá mi máa ń gbé e bọ̀ láti ìjọ, wọ́n á kán lọ́fíńdà sí i, wọ́n á já ewé imọ̀ ọ̀pẹ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n á fi wọ́n ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fi bọ́jú fún mi, àgbàlagbà obìnrin bí èmi. Bàbá ò jẹ́ kí ẹ̀kán omi náà kan ara wọn rí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, màmá bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn àgbà ìjọ àwọn wá gbàdúrà sí i. Bàbá ní àlùfáà àwọn ti gbàdúrà sí i, ó tó.

Wọ́n ní, "Mọ́tò mi kì í ṣe ohun tó o máa tan àbẹ́là yí ká. Ọjọ́ tí mo bá rí omi yẹn nínú rẹ̀, o máa yan ọ̀kan: ilé yìí tàbí ìjọ yẹn."

Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ lásán. Láti ọjọ́ yẹn, màmá ò tún dá ọ̀rọ̀ mọ́tò sílẹ̀ mọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ayọ̀bọ̀. Oko ni Ayọ̀bọ̀ ìgbà yẹn. Ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, ilé kan níhìn-ín, ilé kan lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ kò ju ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ lọ, ìgbà tí èmi bá ń lọ ni àwọn ń kó ẹrù bọ̀. Odidi ọdún kan ni mo ti fi wáṣẹ́ kí n tó rí èyí. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tí agogo ìjáde bá lù, ti kì mí nílọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé pé àwọn tíṣà mìíràn wà lórí ìlà tí wọ́n ń retí àyè mi.

Bàbá mi rò ó títí. Wọ́n wá na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí mi.

"Máa wà á. Èmi ò níbi tí mò ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀."

Àwọn ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, pẹ̀lú igbe. Inú mi dùn débi pé mo ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí mi sùn. Oṣù kan ò tíì pé tí Ìjàpá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dójú tì mí.

Ọjọ́ Ajé ni. Mo ti kọjá Ìpájà nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ta gọ̀gọ̀, ó sì kú. Mo ta á, mo tún un ta, títí bátìrì fi ń kérora. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko ló bá mi tì í sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ti kúrò lórí ìlà òwúrọ̀ nígbà tí mo dé. Ọ̀gá wo bàtà mi tó ti pọ́n fún erùpẹ̀, ó wo aago, kò sì sọ nǹkan kan. Ì bá kúkú bú mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá mi gbà kó fọwọ́ kan mọ́tò wọn, òun ni ọ̀gá mẹkáníìkì yìí. Mùsùlùmí ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ju tábìlì oúnjẹ ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣí ẹ́ńjìnnì kó tó bi ọ́ ní ìbéèrè. Á jókòó sórí ògbólógbòó táyà, á fọwọ́ lérán, á wá bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó wúkọ́ kó tó kú, àbí ó kàn kú ni? Ṣé orí òkè ni, àbí ilẹ̀ títẹ́jú? Ṣé ó ti gbóná? Kí lẹ gbọ́? Kí ló ń rùn?

Onínúfùfù ni mí, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan yá. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin ni mẹkáníìkì, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wò ó jàre!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, mọ́tò ò lẹ́nu. Ẹni tó wà á ló máa bá a rojọ́. Tó bá kú fìì bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, ọ̀rọ̀ iná nìyẹn, a máa wo wáyà, a máa wo pulọ́ọ̀gì. Tó bá wúkọ́ kó tó kú, epo ò dé ọ̀fun ẹ̀ dáadáa nìyẹn. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tún un ṣe."

Abèèrè kì í ṣìnà. Mo ti lo ọgbọ́n yẹn fún ohun tó ju mọ́tò lọ. Bí ọmọ kan bá ń sunkún ní kíláàsì mi, n kì í bi í pé kí ló ṣe é, mo máa ń bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ó tú kábúrétọ̀, ó fẹnu fẹ́ àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀, ó dà á pọ̀ padà. Mọ́tò dáhùn. Ó bá mi lọ, ó bá mi bọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí, bàbá wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kò wúkọ́. Bó ṣe di ọjọ́ Ajé, ní tòsí ibi àkọ́kọ́ náà, ó tún kú.

Mẹkáníìkì ní ó ní láti jẹ́ pé epo tí mo rà ló dọ̀tí. Ó ní kí n yí ilé-epo padà, mo yí i. Torí pé mo ti di aráalé níbẹ̀ tipátipá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níṣẹ́. Ó fi hàn mí bí mo ṣe lè fi omi gbígbóná fọ ìyẹ̀fun funfun tó máa ń hù sórí bátìrì. Ó kọ́ mi pé kí n tú pulọ́ọ̀gì kí n wo ẹnu rẹ̀. Bó bá dúdú kirikiri, epo pọ̀ jù fún un. Bó bá rí bí àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ara rẹ̀ dá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀, àyàfi pé iṣẹ́ mi ń bọ́ lọ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀gá ilé-ìwé fún mi níwèé ìkìlọ̀. Bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta wa sì ti sọ mí di ẹni ìran. Bó bá ti rí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á pariwo pé, "Ìjàpá ń lọ sájò, wọ́n ní ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́!" Mo ní kó gbájú mọ́ ìwé tó ń tà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mọ́tò kú lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Tíṣà, tí ọjọ́ Ajé kan bá tún rí báyìí, ẹ máa padà sí ọ́fíìsì tó rán yín wá. Ó ti tó."

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti gbọ́.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ń lọ. Ọjọ́ Ẹtì ó ń lọ. Tí èmi bá wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan ló ń kú! Ìkánjú rẹ ni, o máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀. Tó bá tún kú lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, màá gba kọ́kọ́rọ́ mi."

Mo wo màmá mi kí wọ́n gbè mí. Ojú wọn ti rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n tẹ̀ lé mi wọ yàrá, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Má bara jẹ́. Màá túbọ̀ gbàdúrà sí i."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo padà sábẹ́ igi fúrúùtù, mẹkáníìkì ò bi mí nípa ìwúkọ́ mọ́.

"Tíṣà, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò yìí láàárín ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé?"

"Ó máa ń sùn ni. Kí ni mọ́tò fẹ́ ṣe?"

Ó wọ abẹ́ táǹkì epo tó wà níwájú, ó tú epo ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò funfun kan, ó gbé e sórí pákó. Ó ní kí n máa wò ó. Kò pẹ́ tí ohun tó wà nínú ìgò fi pín sí méjì. Epo léfòó sókè, omi jókòó sísàlẹ̀ kedere. Omi náà ju ẹ̀kán lọ, ó tó ife kan. Lẹ́yìn náà ó yọ asẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí epo ń gbà jáde nínú táǹkì, ó fi èékánná mú nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ewé imọ̀ ọ̀pẹ.

"Tíṣà, ta ló ń gbàdúrà fún yín nílé?"

Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá mi ń gbé omi bọ̀ láti ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí mo bá ń múra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí bàbá wà ní balùwẹ̀, wọ́n á yọ́ jáde lọ ṣí ìdérí táǹkì. Bí mọ́tò bá sì kú, wọ́n á túbọ̀ gbàdúrà, ìyẹn ni pé wọ́n á fi kún omi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi kú lẹ́ẹ̀mejì! Mo dìde fùú. Màmá mi ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ lọ bá wọn nílé, kí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ jókòó. Tẹ́ ẹ bá pariwo, ta ló máa gbọ́?"

Mo ti mú báàgì mi.

"Tí bàbá bá wá gbọ́ ńkọ́?"

Mo jókòó. Ó mọ̀ wá. Ó ti ń tún mọ́tò bàbá mi ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ó sì mọ ohun tí bàbá mi búra nípa omi yẹn.

Ó ní, "Mọ́tò la fẹ́ tún ṣe, kì í ṣe ilé la fẹ́ tú. Èmi fúnra mi máa wá."

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló wá, nígbà tí bàbá lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi nínú ọgbà, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kún fún epo dúdú.

"Ẹ kú àdúrà, mà. Àdúrà yín gbà o, ọmọ ò fara pa rí lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ̀ ń bu omi sí yẹn, ikùn mọ́tò ni. Epo nìkan ló ń jẹ."

Màmá mi fẹ̀yìn ti mọ́tò.

"Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ má sọ fún bàbá wọn. Ọmọ mi obìnrin ló ń dá wọ inú oko yẹn láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó wà pẹ̀lú ẹ̀. Kí ni mo tún ní tí mo lè fún un?"

Gbogbo ìbínú tí mo ti ń tò jọ fún wọn tú ká lójú ẹsẹ̀. Ojú tì mí. Mo dì mọ́ wọn, mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín, mẹkáníìkì sì yíjú sí ògiri bíi pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ tún ṣe.

Nígbà tó yá, ó ṣí iwájú mọ́tò. Ó fi ike funfun kan hàn wá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíà táyà, ọ̀pá rọ́bà kékeré kan sì so àwọn méjèèjì pọ̀.

"Mà, ilé omi mọ́tò nìyí. Ó ti gbẹ, bàbá kì í lò ó. Ibí ni kẹ́ ẹ máa bu tiyín sí. Bí tíṣà bá tẹ nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, á tú sára dígí iwájú, wáípà á nù ún, ọ̀nà á mọ́ lójú wọn. Ṣé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn?"

Màmá mi wo ike náà, wọ́n wo dígí, wọ́n ní, "Òun náà ni."

"Ṣùgbọ́n ẹ má já ewé sí i mọ́ o. Ihò ẹnu ẹ̀ kéré."

Ó ṣàlàyé fún mi pé irú Ìjàpá yìí ò ní ohun mìíràn tó ń ti omi náà. Afẹ́fẹ́ inú sípíà táyà ló ń tì í jáde. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti lọ sílẹ̀ dé ibì kan, omi ò ní jáde mọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbẹ tán, èyí tó kù nínú táyà á ṣì lè gbé mọ́tò délé bí táyà mìíràn bá jò. Ó ní kí n máa rí i pé wọ́n ń fẹ́ ẹ lóòrèkóòrè. Mo ní mo ti gbọ́, etí kejì ló sì gbà jáde.

Fún bàbá mi, irọ́ ló pa. Ó ní omi òjò ló ń gba abẹ́ ìdérí wọ inú táǹkì, òun ti pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Ọkùnrin tó ń kírun nígbà márùn-ún lójúmọ́ ni o, ó sì ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá wò ó, wọ́n wo èmi náà, wọ́n ní ó dáa. N kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí irọ́ ẹnikẹ́ni bíi tọjọ́ yẹn rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń sún mọ́ Ìpájà, mo tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò ò wúkọ́. Mo kọjá ibi àkọ́kọ́, mo kọjá ibi kejì. Mo dé ilé-ìwé kí ẹni tó ń lu agogo tó dé, mo jókòó sínú mọ́tò nínú ọgbà, mo tẹ nǹkan yẹn. Omi ta sára dígí, òórùn lọ́fíńdà màmá mi sì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi.

Ọ̀gá ilé-ìwé dé, ó bá mi níbẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, tíṣà," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa kọ́kọ́ kí mi.

Ọdún méje ni mo fi wa Ìjàpá yẹn lẹ́yìn ìgbà náà. Kì í ṣe pé kò dà mí láàmú o. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì tí a ń tẹ̀ kí á tó yí jíà já mọ́ mi lẹ́sẹ̀ láàárín èrò ọjà Ìkòtún, àwọn oníṣòwò sì bú mi tìyátìyá. Bẹ́líìtì tó ń yí fáànù já lọ́nà Igando, èmi fúnra mi pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà, àwọn ọkùnrin mẹ́rin dúró tì mí, wọ́n ń fi ẹnu ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n kò tún kú mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí bàbá bá ti wọ balùwẹ̀, màmá mi á yọ́ jáde pẹ̀lú ìgò wọn. Omi sì ń tú sára dígí nígbàkigbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀rùn, lọ́yẹ́, kò kùnà lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá mi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àìsàn ò dá wọn gúnlẹ̀ pẹ́. Ilé wá dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ìró bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú tí ọyẹ́ fi dé. Mo wà lójú ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ lọ́jọ́ Ajé kan, eruku bo dígí mi, mo tẹ omi, omi ò jáde. Mo tún un tẹ̀, kò jáde. Mo dúró, mo ṣí iwájú mọ́tò. Omi màmá mi kún inú ike dé ọrùn.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo yà sábẹ́ igi fúrúùtù. Ewú ti wà lórí ọ̀gá mẹkáníìkì nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìgbà wo ló jáde kẹ́yìn?"

Mo sọ fún un. Ó fi àtàǹpàkò tẹ sípíà táyà.

"Afẹ́fẹ́ ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ta ló ń fẹ́ ẹ fún yín tẹ́lẹ̀?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ. Mi ò tiẹ̀ rántí ẹ̀ rí."

Ó jókòó sórí ògbólógbòó táyà rẹ̀.

"Tíṣà, bàbá ni."

Ó ní oṣù kan ò tíì pé tí òun parọ́ òjò fún bàbá mi tí eruku fi bo dígí wọn lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan yẹn, tí òórùn lọ́fíńdà sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n wà á wá bá òun. Wọ́n ní kí òun ṣí iwájú mọ́tò. Wọ́n wo ike omi náà títí. Òun ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí òun máa bẹ̀ wọ́n, torí òun mọ ohun tí wọ́n ti búra. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi òun: "Ṣé kì í ba ẹ́ńjìnnì jẹ́?"

Òun ní, "Rárá, sà."

Wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ sípíà táyà yẹn dáadáa. Mi ò fẹ́ kí omi ìyá wọn há síbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọn kì í fi táyà mìíràn ṣáájú: táyà tó wà níwájú yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kí wọ́n fẹ́. Bí ẹni tó ń fẹ́ táyà ò bá sí, wọ́n á gba pọ́ǹpù alọ́wọ́, wọ́n á bọ́ aṣọ òkè, wọ́n á fẹ́ ẹ fúnra wọn.

"Wọ́n ní, 'Ẹ má sọ fún ìyá wọn.' Bí màmá náà ṣe ní kí n má sọ fún bàbá. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbé méjèèjì mì."

Mo sunkún níbẹ̀, n kò fi ojú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àyà mi kún fún ọpẹ́: fún màmá mi, fún bàbá mi olórí kunkun yẹn, àti fún ọkùnrin tó ti fi ọdún méje di ẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, tí kò sì tìtorí rẹ̀ gba nǹkan kan. Ó lọ gbé pọ́ǹpù alọ́wọ́ náà wá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, òógùn bò mí, kò bá mi fọwọ́ kàn án.

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún màmá mi. Mo fi í pamọ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n jáde wá bá mi nídìí mọ́tò pẹ̀lú ìgò wọn. Wọn ò yọ́ rìn mọ́ láti ìgbà tí bàbá ti kú, ṣùgbọ́n àsìkò tí bàbá máa ń wà ní balùwẹ̀ náà ni wọ́n ṣì máa ń jáde. Mo sọ ọ́ fún wọn nígbà yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mẹkáníìkì ṣe sọ ọ́, títí dé orí pọ́ǹpù àti aṣọ òkè tí wọ́n máa ń bọ́.

Màmá mi gbé ìgò lé ilẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sínú búùtù, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíà táyà, wọ́n sì fi síbẹ̀.

"O ní ìwọ lo fẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fi kún un ni. Kò gbẹ tán."

"Ṣé afẹ́fẹ́ tiwọn ṣì kù nínú ẹ̀?"

Mo ní ó kù, nítorí òótọ́ ni. Wọ́n mú ìgò, wọ́n rọra da omi sínú ike, wọ́n sì ní kí n máa lọ kí n má pẹ́ dé ilé-ìwé.